A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Kí Ni Òfin Ń Wá Nísọ̀ Onígbàjámọ̀ ní Kumasi?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè Ghana fọwọ́ sí àbá òfin kan tí wọ́n sọ pé ó wà fún ìdáàbòbò ìdílé àti àṣà. Ariwo gba ìgboro. Ilé-iṣẹ́ ìṣúná Ghana kìlọ̀ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 owó dọ́là láti Báńkì Àgbáyé lè bọ́ mọ́ orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn dáhùn pé owó kò ju ìwà lọ. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní kí Ààrẹ má fọwọ́ sí i. Nínú gbogbo ariwo yìí, ibi kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà, ìyẹn ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nítorí pé kí ọlọ́pàá tó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni, irun orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ní Kumasi, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní gbogbo ìlú ńlá, àwọn kan wà tí wọ́n bí lọ́kùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ara wọn lóbìnrin. Àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yí padà sí òdìkejì. Àwọn ni àwọn olóyìnbó ń pè ní transgender. Wọn kò pọ̀, wọn kò sì lágbára ìbò tí olóṣèlú kan ń bẹ̀rù. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá pinnu láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò láti ara kan bọ́ sí èkejì, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ lọ, kì í sì í ṣe ilé-ẹjọ́. Orí wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n ń wá irun tó lè bá ọkùnrin lọ, tó sì lè bá obìnrin lọ: irun tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò ní bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí dígí yóò sì fi ohun tí ọkàn wọn ń wá hàn wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Irú irun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Asante tàbí nílẹ̀ Yorùbá. Ìjọba tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn ń ṣe ohun tí àwọn àgbà ti kọ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọmọ Nàìjíríà tó bá sì ń pàtẹ́wọ́ fún abẹ tó wà lórí ẹlòmíràn ní Ghana yóò bá abẹ náà lórí ara rẹ̀ láìpẹ́.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí irun náà ṣe rí kó tó dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gígùn irun nìkan ló ń sọ pé orí yìí ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Etí irun ló ń sọ ọ́ jù. Bí onígbàjámọ̀ bá fi abẹ fa ìlà gbọọrọ sí iwájú orí, tó yọ igun sí ẹ̀bá ojú méjèèjì, tó sì gé ìpàkọ́ lọ́gbọọgba, ojú ẹni tó ń wò ó yóò sọ pé ọkùnrin ni. Bí ó bá fi iwájú orí sílẹ̀ bí ó ṣe hù, tó jẹ́ kí etí irun yí roboto lọ sí ẹ̀bá etí, tó sì jẹ́ kí ìpàkọ́ tẹ́ wẹ́rẹ́ láìní igun, orí kan náà àti irun kan náà yóò rọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìka méjì lọ. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ kílípà lò.

Nítorí náà, ẹni tó ń lọ láti ìgbé ayé ọkùnrin sí ti obìnrin lè ní kí onígbàjámọ̀ fi irun òun sílẹ̀ kó kún díẹ̀, kó má sì fa ìlà kankan sí iwájú orí òun. Ó lè fi gèlè tàbí wíìgì bò ó lọ́jọ́ tó bá wù ú, ó sì lè fi òǹyarun yà á lásán lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí òdìkejì lè gé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ṣe ń gé e, kó kàn fi igun díẹ̀ kún un. Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, irun tó bá sì ká gan-an lè má tètè fi gígùn rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí fífá kodoro, tí àwọn ará Ghana ń pè ní sakora, yóò dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí onídìrí tó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè mú. Láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn, ojú kò tí ì yí padà, ohùn kò tí ì yí padà, orúkọ inú ìwé ìdánimọ̀ ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ìyá nílé kò sì tí ì mọ ohunkóhun. Irun tó ń sọ̀rọ̀ méjì ni ààbò kan ṣoṣo tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní.

Ó sì yẹ kí àwọn tó ń pariwo pé kí àwọn ọ̀dọ́ má kánjú ronú sí èyí. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe sí ara rẹ̀, irun gígẹ̀ ni ó rọrùn jù láti dá padà. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí gbèsè. Bí ó bá gé e lónìí tó sì rí i pé kì í ṣe ohun tí òun ń wá nìyẹn, yóò tún hù. Òbí tó ní kí ọmọ òun rọra ṣe, kó wò ó dáadáa kó tó gbé ìgbésẹ̀ ńlá, irun yìí gan-an ni sùúrù tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òfin tó bá ka ìgbésẹ̀ tó kéré jù sí ọ̀ràn ti gba sùúrù lọ́wọ́ ẹni náà. Ohun tó kù fún un ni kó sá pamọ́ tàbí kó fi ìlú sílẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn òfin náà sọ pé àṣà ni àwọn ń dáàbò bò. Ó dára. Ṣùgbọ́n àṣà wo? Kumasi ni olú-ìlú àwọn Asante, kò sì sí ibi tí irun ti ń sọ ìtàn jù ú lọ. Ní ààfin Manhyia, Asantehemaa, ìyá ọba Asante, kì í di irun, kì í sì í jẹ́ kó gùn. Irun tí àwọn ìyá ọba àti àwọn àgbà obìnrin Asante ń gé ni dansinkran: irun tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí orí po, tí wọ́n fá etí rẹ̀ roboto, tí wọ́n sì fi èédú àti òrí pa láró kó lè dúdú dán. Àlejò tí kò mọ àṣà lè rí orí bẹ́ẹ̀ kó rò pé irun ọkùnrin ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Manhyia yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Irun kúkúrú lórí obìnrin ní ààfin yẹn kì í ṣe àìmọ̀wàáhù, ọlá ni.

Kúrò láàfin, lọ sí ilé-ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ìjọba ní Ghana, òfin ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ọkùnrin. Kumasi ní ilé-ìwé girama obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, ẹni tó ṣíwájú ogun lọ́dún 1900 nígbà tí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì béèrè àga wúrà Asante. Ogun ṣíṣíwájú, iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n máa ń kà á sí. Kò sí ẹni tó bi í nígbà náà pé kí ló dé tí kò jókòó bí obìnrin. Lónìí, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé, ó sì ń gé irun àwọn ọmọbìnrin bí ti ọmọkùnrin. Kí wá ni ọ̀rọ̀ tí ìjọba kan náà fẹ́ sọ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dàgbà, tó sì ní òun fẹ́ irun náà títí láé?

Kúrò nílé-ìwé, lọ sí ojúbọ. Àwọn akomfo, àwọn abọ̀rìṣà ilẹ̀ Asante, máa ń jẹ́ kí irun orí wọn lọ́ mọ́ra di mpesempese, ìyẹn irú irun tí Yorùbá ń pè ní dàda. Ọkùnrin ń ṣe é, obìnrin ń ṣe é, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Kumasi ń jẹ́ orúkọ Komfo Anokye, ẹni tó gba ipò iwájú nínú ìtàn ẹgbẹ́ àwọn akomfo. Ìlú tó fi orúkọ akomfo sọ ilé ìwòsàn kò lè sọ pé òun kò mọ irun tó kọjá akọ àti abo.

Yorùbá pẹ̀lú kò gbọdọ̀ díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó níyàwó tó sì bímọ, ń di irun rẹ̀ bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n sì ń pè é. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí ọba máa ń fá apá kan orí, wọ́n á sì fi apá kan sílẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, jẹ́ kó yé ni pé ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà nínú wọn. Ìránṣẹ́ ọba ni irun náà ń sọ pé wọ́n jẹ́. Ọmọ dàda ń wáyé, bó jẹ́ ọkùnrin, bó jẹ́ obìnrin, irun kan náà ló ń gbé wá, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi abẹ kàn án láìṣe ètùtù. Èdè pàápàá jẹ́rìí. Bí Yorùbá bá ní "ó dé", kò sọ bóyá ọkùnrin ló dé tàbí obìnrin. Èdè Twi tí wọ́n ń sọ ní Kumasi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èdè méjèèjì ti ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìbéèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ẹni kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ nínú gbólóhùn.

Ta ló wá gbé ìbéèrè yẹn wọlé? Òfin ìwà ọ̀daràn Ghana ti ọdún 1960, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fìdí ẹsẹ 104 rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2024, jogún ọ̀rọ̀ àti èrò rẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Òfin irú rẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, inú àpótí kan náà ni amúnisìn ti mú un jáde. Ẹni tó bá gbé òfin amúnisìn lé orí, tó sì ń pariwo pé àṣà baba òun ni, ó dà bí ẹni tó wọ kóòtù ayálò lọ síbi ìsìnkú, tó wá ń sọ pé ìyá òun ló hun ún.

Bí òfin náà ṣe máa ṣiṣẹ́ ló yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù jù. Ìwé àkọ́kọ́ àbá náà, tí wọ́n gbé síwájú ilé lọ́dún 2021, ka ìmúra tó ń fi ọkùnrin hàn bí obìnrin, tàbí obìnrin bí ọkùnrin, mọ́ ìwà ẹ̀gbin, bí ẹni náà bá ní èrò láti ṣe ohun tí òfin náà kà léèwọ̀. Kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "èrò". Èrò kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Níbo ni ọlọ́pàá ojú pópó ní Kejetia yóò ti rí èrò ẹni tó ń kọjá lọ? Lórí irun rẹ̀ ni, àti lára aṣọ rẹ̀. Ìwé kan náà sọ pé ẹni tí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí, tàbí kó fi tó àwọn aṣáájú àdúgbò létí. Èyí tí ilé fọwọ́ sí lọ́dún 2024 sì fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta lélẹ̀ fún ẹni tó bá kàn pe ara rẹ̀ ní ohun tó jẹ́.

Wo ohun tí èyí sọ onígbàjámọ̀ dà. Ọkùnrin tó ya àwòrán orí oríṣiríṣi sára pátákó iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí oníbàárà lè nawọ́ sí èyí tó wù ú, ni wọ́n fẹ́ sọ di amí. Oníbàárà jókòó, ó fi ọrùn àti orí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, abẹ sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó gba ìfọkàntán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá ní "má fa ìlà síwájú, jẹ́ kó yí", ṣé kí onígbàjámọ̀ béèrè ìdí ni? Ṣé kó wo bí èékánná rẹ̀ ṣe rí, kó fetí sí ohùn rẹ̀, kó sì sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Ìlú tí onígbàjámọ̀ bá ti ń bẹ̀rù orí tó ń gẹ̀, kò sí orí tó wà láìléwu níbẹ̀, títí kan orí onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, kí ilé tó dìbò rárá, ọlọ́pàá kó ènìyàn 21 níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Ho. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gba onídùúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹjọ́ náà túká nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àtìmọ́lé, láìsí ẹ̀rí, ni ohun tí ìfura nìkan lè ṣe nígbà tí àbá òfin ṣì jẹ́ àbá. Ààrẹ Akufo-Addo kò fọwọ́ sí èyí tí ilé ṣe títí ó fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àbá náà sì bá sáà ilé yẹn lọ. Kò pẹ́ lọ́dún 2025 kan náà tí àwọn aṣòfin kan fi tún gbé e dìde. Ohun tó bá kú tí wọ́n sì ń jí i padà báyìí, ó ní àwọn tó ń jẹun lórí rẹ̀.

Òǹkàwé kan ní Ṣúrùlérè tàbí ní Bódìjà lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ghana nìyẹn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbé àbá òfin kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abùjá láti fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦500,000 jẹ ẹni tó bá wọ aṣọ ọkùnrin tàbí obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀. Àbá náà fi eré orí ìtàgé sílẹ̀, bí ẹni pé orí pèpéle nìkan ni ènìyàn lè ti jẹ́ olóòótọ́. Kò di òfin, ṣùgbọ́n ẹni tó gbìn ín kò fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Ní ìhà Àríwá, òfin ìwà ọ̀daràn ti ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn alárìnkiri tipẹ́.

Ọ̀dọ́ Nàìjíríà kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí ọlọ́pàá ṣe ń ka irun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ìgboro Èkó, Abùjá àti Benin kún fún àwọn tó ń béèrè pé kí wọ́n tú SARS ká, ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀sùn wọn ni pé ọlọ́pàá ń dá ọmọkùnrin dúró nítorí pé ó ní dàda lórí, tàbí nítorí pé ó pa irun rẹ̀ láró. Irun ni wọ́n fi ń mọ "ọmọ Yahoo". Wọ́n á tú fóònù rẹ̀ wò, wọ́n á sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kígbe lọ́dún náà pé irun kì í ṣe ẹ̀rí ń pàtẹ́wọ́ lónìí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi irun ṣe ẹ̀rí sí ẹlòmíràn. Ọgbọ́n wo ló wà nínú ìyẹn? Ojú tó ń ka dàda sí olè ni ojú tó ń ka irun roboto sí ẹlẹ́gbin. Ọlọ́pàá kan náà ni, owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kan náà sì ni.

Yorùbá tún ní ìdí mìíràn láti rántí Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ti pẹ́ ní Kumasi, tí wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, kó ẹrù díẹ̀, wọ́n fi ìsọ̀ àti gbèsè sílẹ̀. Ẹni tó kọ ilà ojú kò lè fi pamọ́, ohun tó jẹ́ ẹ̀yẹ nílé lè di ohun ìdánimọ̀ lójú ẹni tó ń wá àlejò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà san án padà fún àwọn ará Ghana. Ìdílé tó bá ní ìrántí ọdún méjèèjì yìí yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá kọ́ ará ìlú láti máa wo ojú àti orí ara wọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n lé jáde.

Àwọn ẹlẹ́sìn yóò sọ̀rọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n sọ ọ́. Onígbàgbọ́ yóò tọ́ka sí ìwé Diutarónómì orí 22 ẹsẹ 5. Bíbélì kan náà ló sọ ìtàn Sámúsìnì, ọkùnrin tí Ọlọ́run ní kí abẹ má kan orí rẹ̀, tó sì di irun méje. Àwọn wòlíì kan wà nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí irun wọn gùn dé èjìká, ìjọ wọn kò sì lé wọn. Mùsùlùmí náà mọ ohun tó jẹ́ kí ìjọba gbé ọwọ́ lé orí ẹni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti wọ híjáàbù lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ja ìjà yẹn, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni pé ohun tí ènìyàn fi sí orí ara rẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Ìpìlẹ̀ yẹn kò lè gbé híjáàbù dúró kó sì kọ̀ láti gbé irun dúró. Ẹlẹ́sìn lè wàásù, ó lè gbààwẹ̀, ó lè ní kí ọmọ ìjọ òun má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò tọ́ sí i ni kó yá kọ́ńdó ọlọ́pàá láti fi parí ìwàásù rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni, pé ẹni tí irun rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ méjì ń tan àwùjọ jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀tàn ni kí irun ẹni má sọ òtítọ́ gbogbo, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Abùjá yóò dá ṣófo lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mélòó nínú àwọn olóṣèlú ni kì í pa ewú láró bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé? Obìnrin tó wọ wíìgì tí irun rẹ̀ ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ta ló tàn jẹ? Wọ́n tún ní nítorí àwọn ọmọdé ni. Ọmọdé kan kò tí ì kú nítorí pé àgbàlagbà fi owó ara rẹ̀ gẹ irun ara rẹ̀. Ohun tó ń pa ọmọdé ní Ghana àti Nàìjíríà ni ibà, omi ẹlẹ́gbin àti ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń gbé nísọ̀ onígbàjámọ̀.

Ghana fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn. Lọ́dún 2021, ilé-ìwé Achimota ní Accra kọ̀ láti gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Rasta méjì nítorí dàda orí wọn. Ariwo àwọn tó ti ilé-ìwé náà lẹ́yìn pọ̀, wọ́n ní òfin ni òfin. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga ní Accra dájọ́ pé kí ilé-ìwé náà gbà wọ́n. Ilé-ìwé kò wó, ìwà akẹ́kọ̀ọ́ yòókù kò sì bàjẹ́. Abala 15 nínú ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 sọ pé iyì gbogbo ènìyàn kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló sọ, kò fi ẹni tí irun rẹ̀ rú ojú aládùúgbò lójú sílẹ̀. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ohun tó jọ ọ́.

Ìdáhùn sí àwọn tó ní ọ̀pọ̀ ará ìlú ló fẹ́ òfin náà wà nínú abala wọ̀nyẹn. Nítorí ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ bá dojú kọ díẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ìwé òfin. Ọ̀pọ̀ kò nílò ààbò, ìbò wọn ti dáàbò bò wọ́n. Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Nínú ìjọba tó ń tẹ̀lé òfin, ilé-ẹjọ́ àti ìwé òfin ló yẹ kó jẹ́ àbúrò yẹn. Bí ilé-ẹjọ́ bá sùn, ará ìlú ló kù.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Kí aṣòfin Ghana tó ń jí àbá náà dìde yọ ìmúra àti irun kúrò nínú ohunkóhun tó bá ń pè ní ìwà ọ̀daràn, kó sì yọ ọ̀ranyàn ìfẹjọ́sùn kúrò lọ́rùn onígbàjámọ̀, onídìrí, olùkọ́ àti ìyá ọlọ́mọ. Kí aṣòfin Nàìjíríà tó bá ń ronú láti gbé àbá ọdún 2022 padà wá kọ́kọ́ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà fún wákàtí mẹ́rìnlélógún ní àgbègbè tó dìbò fún un, kó tó wá ẹni tí yóò fá lórí. Kí ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn onídìrí sọ ọ́ ní gbangba pé iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn ń ṣe, àwọn kì í ṣe iṣẹ́ amí. Kí ọmọ Nàìjíríà tó sì rántí ọdún 2020 má ṣe yá ẹnu rẹ̀ fún àwọn tó ń sọ pé irun lè jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹni tó jókòó lórí àga onígbàjámọ̀ ní Adum tàbí ní Bantama, tó rọra ní kí wọ́n má fa ìlà síwájú orí òun, kò tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba. Kò béèrè ipò, kò béèrè ilẹ̀, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bí òun. Ó sanwó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, ó gbọn irun kúrò léjìká, ó sì ń lọ sílé. Orí náà tirẹ̀ ni.